Èsì: ẹ má pè é ní "ìgbé ayé olówó"

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé pélébé lórí Íjíbítì àtijọ́ bi wá lánàá pé ṣé ká máa lo "ìgbé ayé olówó" fún bí àwọn èèyàn yẹn ṣe ń múra, tí wọ́n ń para, tí wọ́n ń fín lọ́fínńdà, àti pé ṣé ká pe ère àti àwòrán wọn ní "ọnà gíga" kó má bàa dà pọ̀ mọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Àwọn kan ti ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi ò gbà o, pàápàá jù lọ ti olówó yẹn.

Ẹ wo Deir el-Medina, abúlé àwọn tó ń gbẹ́ ibojì ọba tí wọ́n sì ń ya àwòrán sára ògiri ẹ̀, ní òdìkejì odò Náílì sí ìlú Luxor òde òní. Ọkà ni wọ́n fi ń sanwó oṣù fún wọn. Lọ́dún 29 tí Ramesses Kẹta ti ń jọba, ọkà yẹn ò dé lásìkò, ni wọ́n bá daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n lọ jókòó sẹ́yìn tẹ́ńpìlì. Ìwé papyrus tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sí ṣì wà ní mùsíọ́ọ̀mù Turin ní Ítálì, ohun tí wọ́n sì ní àwọn ò rí ni aṣọ, òróró ìpara, ẹja àti ẹ̀fọ́. Ebi ń pa èèyàn, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó ṣì ń ka òróró ìpara mọ́ ohun tó tìtorí ẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀! Olówó wo ló wà níbẹ̀ yẹn?

Abúlé yìí kan náà ni wọ́n sin Kha àti Merit ìyàwó ẹ̀ sí. Ọ̀gá òṣìṣẹ́ ni Kha, ó rọ́wọ́ mú díẹ̀, mi ò jiyàn. Lọ́dún 1906 tí wọ́n ṣí ibojì wọn, olè ò tíì débẹ̀, wíìgì Merit wà níbẹ̀ àti àpótí ìṣaralóge ẹ̀ tòun ti ìgò tìróò. Tìróò ni mo pè é o, ẹni tó dábàá "ọ̀dà ojú dúdú" kó jọ̀ọ́ ṣíwọ́, òkúta tó ní òjé nínú ni wọ́n ń lọ̀ níbẹ̀, òun náà la ń lọ̀ níbí, tọkùnrin tobìnrin wọn ló sì ń lé e.

Afínjú lọ̀rọ̀ tó bá a mu. Ẹnì kan ní ìmọ́tótó nìkan ni afínjú, rárá o. Afínjú wọjà ó rìn gbẹndẹ́kẹ, ọ̀bùn wọjà ó rìn ṣùẹ̀ṣùẹ̀: ìrìn wà níbẹ̀, ìwọṣọ wà níbẹ̀, ọ̀bùn ni wọ́n sì gbé kò ó lójú, wọn ò dárúkọ òtòṣì. Ìgbé ayé afínjú, ó parí.

Ti "ọnà gíga" ò gba àlàyé púpọ̀. Ṣọ́ọ̀bù Thutmose, agbẹ́re kan ní Amarna, ìlú kan ní Íjíbítì àtijọ́, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ère, ni wọ́n ti rí ère orí Nefertiti, ayaba Íjíbítì, lọ́dún 1912, ó wà ní Berlin báyìí. Àwọn ará Íjíbítì máa ń pe ẹni tó ń gbẹ́ ère ní sankh, ẹni tó ń mú nǹkan wà láàyè, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ sì ni. Àwọn gan-an ò pín in sí gíga àti kúkúrú, kí làwa wá ń pín? Iṣẹ́ ọnà ti tó jàre.

Èyí tó ń dà mí láàmù ni faience, àwọn ìlẹ̀kẹ̀ àti ère kéékèèké aláwọ̀ búlúù wọ̀nyẹn. Ẹ̀gbọ́n kọ "amọ̀ búlúù", ṣùgbọ́n amọ̀ kọ́ o, òkúta kuásì tí wọ́n lọ̀ kúnná bíi yanrìn ni wọ́n ń pò, wọ́n á fi bàbà sí i kó lè ní àwọ̀, wọ́n á wá fi iná sun ún títí á fi máa dán. Tjehenet lorúkọ ẹ̀ lẹ́nu wọn, ohun tó ń kọ mànà. Yanrìn-dídán ni mo dábàá, ẹni tó bá ní èyí tó dùn lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ kó gbé e wá ká tó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n.