Iṣẹ́ oníbàárà kò jẹ́ kí ìkọ̀wé tara ẹni rọ́nà lọ: ọgbọ́n wo lẹ ń dá?

Ẹ̀yin àgbà òǹkọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé ètò ìsìnkú àti ìpolówó rédíò ni mo fi ń jẹun l'Ádó-Èkìtì. Ìpolówó ìṣẹ́jú kan kò gbà ju bí ọ̀rọ̀ 150 lọ, ìyẹn rọrùn. Ìwé òkú gan-an ló ń gba àkókò: orúkọ ọmọ àti oyè kì í pé àfi lálẹ́ ọjọ́ tí wọn yóò tẹ̀ ẹ́, bí atẹ̀wé bá sì yí fọ́ǹtì (ìrísí lẹ́tà) padà, lẹ́tà “ẹ” àti “ọ” á di àpótí òfìfo, ẹ ó tún un kà látòkèdélẹ̀.

Mo fẹ́ máa kọ àròkọ tara mi kan lọ́sẹ̀, bí ọ̀rọ̀ 600, lórí oúnjẹ àti àwọn òkè Èkìtì. Alẹ́ kò ṣeé gbọ́kàn lé, iná lè lọ, ọpọlọ á sì ti rẹ̀. Ṣé kí n fi aago márùn-ún sí mẹ́fà ìdájí sí i, pẹ̀lú bírò, kí n tó tan fóònù? Àbí ọjọ́ kan gbáko ló dáa?

Ẹ jọ̀ọ́, èló lẹ ń gbà sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́? Ìdajì ni mò ń bèèrè, àmọ́ àwọn ọmọ olókùú a máa ní, "Ẹ jẹ́ ká sin Bàbá ná."