Rock kì í ṣe òkúta o: èsì mi lórí "orin àpáta àti yíyí"

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tèmi.

Mo ti ka ẹ̀kọ́ tí Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé Bódìjà fi ránṣẹ́, èyí tí wọ́n fi Yorùbá ṣàlàyé béèyàn ṣe ń ta orin "Johnny B. Goode" ti Chuck Berry, olórin ará Amẹ́ríkà, lórí gìtá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo sì kí wọn kú làákàyè, torí kò wọ́pọ̀ kéèyàn jókòó kó fi èdè abínibí sọ ibi tí ìka kọ̀ọ̀kan máa wà. Àmọ́ orúkọ tí wọ́n fún irú orin yẹn, èyí tí òyìnbó ń pè ní rock and roll, gan-an ló ń bí mi nínú. "Orin àpáta àti yíyí." Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, àpáta wo?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń gbé Ìbàdàn, ẹ sọ òótọ́: tẹ́ ẹ bá gbọ́ "orin Àpáta", ibo lọkàn yín lọ? Ọkàn tèmi lọ sí Dùgbẹ̀, níbi tí kọ̀ńdọ́ ti so rọ̀ sẹ́nu ọ̀nà mọ́tò tó ń pariwo "Àpáta, Àpáta, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Ìyá ìyàwó mi tí wọ́n jókòó nítòsí nígbà tí mò ń ka ẹ̀kọ́ náà sókè, orin ìsìn ni wọ́n rò pé a fẹ́ kọ́, kí n tó mọ̀ wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ Àpáta Ayérayé lábẹ́ ẹnu. Ẹ tún wá yọ àmì ohùn kúrò báwọn ọmọ ìsinsìnyí ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, kẹ́ ẹ kọ "olorin apata" síta, ẹ wò ó bóyá ẹnì kan ò ní kà á sí alápatà, kó bi yín pé èló lẹ̀ ń ta kílò ẹran.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ ká wo gírámà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà lẹ mú "roll", ẹ rí i pé ọ̀rọ̀-ìṣe ni, ẹ mú "yí", ẹ ṣe àpètúnpè ẹlẹ́bẹ fún un, ìyẹn ni pé ẹ fi kọ́ńsónáǹtì ẹ̀ àti "í" ṣáájú ẹ̀, ó di "yíyí". Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí wá ni "rock" tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ṣe fún yín tẹ́ ẹ fi sọ òun di òkúta? Ohun tí "àti" bá so pọ̀, ó yẹ kí wọ́n bára mu. A máa ń sọ pé jíjẹ àti mímu, wíwá àti lílọ, a kì í sọ pé iṣu àti mímu àfi tí ẹmu bá ti ń darí ẹnu wa. Tí roll bá di yíyí, rock gbọ́dọ̀ di mímì, kò sí ọ̀nà míì. Ohùn òkè lórí àkọ́kọ́, ohùn ìsàlẹ̀ lórí ìkejì. Ẹ má kọ ọ́ ní "mímí" o, ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ imú, ẹ sì má fi í sílẹ̀ láìlámì kó má di pé ẹnì kan ò mọ èyí tẹ́ ẹ ń sọ. Àmì kan ṣoṣo ni gbogbo ìjà yìí wà lé lórí, bí mo ṣe máa ń pariwo ẹ̀ fáwọn ọmọ kíláàsì mi nìyẹn, wọ́n á máa fi mí rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ẹnì kan kọ́kọ́ bi Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ká lọ wo díkíṣọ́nárì, pé àpáta ni rock. A ti wò ó. Rock méjì ló wà níbẹ̀, èyí tó jẹ́ òkúta àti èyí tó jẹ́ pé ó ń mì síwá-sẹ́yìn, wọ́n kàn jọra lójú ni, kò yàtọ̀ sí bí ọkọ́ àti ọkọ̀ ṣe máa ń dà pọ̀ lójú ẹni tí kò ka àmì. Àwọn atukọ̀ ojú omi ló ti ń lo rock àti roll fún bí ọkọ̀ ṣe ń fì lórí ìgbì látayébáyé. Àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà mú un wọ ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí ẹ̀mí bá gbé wọn tí gbogbo ara ń mì. Wọ́n tún mú un wọ yàrá míì tí mi ò ní dárúkọ torí àwọn ọmọ wà láàárín wa. Ní 1922, Trixie Smith gbé orin kan jáde tí ọ̀rọ̀ méjèèjì wà nínú àkọlé ẹ̀, ó ní ọkùnrin òun ló ń rock òun, ẹni tó bá gbọ́ ọ mọ̀ pé kì í ṣe òkúta lọkùnrin náà ń kó wọlé. Nígbà tó fi máa di 1951 tí Alan Freed ń lu irú orin bẹ́ẹ̀ lórí rédíò ní Cleveland, tó wá sọ ọ́ di orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀, ọ̀rọ̀ náà ti gbó kó tó dé ọwọ́ ẹ̀. Kò síbi tí àpáta ti wọ ọ̀rọ̀ náà nínú gbogbo ìrìn yẹn.

Ẹ̀yin kan á sọ pé ìwé ni mò ń kà sí yín létí. Ó dáa, ẹ gbé gìtá. B♭ (bíì fláàtì), ìyẹn ohùn tí orin náà dúró lé, ni Chuck Berry ti ta orin yìí nígbà tó gbé e jáde ní 1958. Lórí okùn tó nípọn jù, irin kẹfà nínú àwọn irin tó dábùú ọrùn gìtá ni B♭ wà. Ẹ fi ìka ìlábẹ̀ tẹ ibẹ̀, ẹ fi ìka òrùka tẹ irin kẹjọ lórí okùn tó tẹ̀ lé e, ẹ ta méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má gbé ọwọ́ kúrò o. Ẹ na ìka ọmọńdinrín dé irin kẹwàá lórí okùn kejì yẹn, ẹ ta á lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ gbé e kúrò, kẹ́ ẹ tún dá a padà. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ẹ̀yìn ọwọ́ á máa ro yín bíi pé ẹ gún iyán fún gbogbo àdúgbò, àmọ́ kó tó pẹ́ ẹ ó rí i pé orí yín ti ń mì láìjẹ́ pé ẹ rán an níṣẹ́. Ibẹ̀ yẹn ni rock wà, ó wà nínú ìka ọmọńdinrín. Ẹni tí ìka ẹ̀ bá ti ṣe é rí kò ní pè é ní àpáta láéláé, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fura pé Ẹ̀gbọ́n wa kọ ẹ̀kọ́ yìí láti inú fídíò, wọn ò tíì fọwọ́ kàn án. Tí mo bá parọ́ mọ́ wọn, kí wọ́n gbé ohùn ẹ̀ síbí ká gbọ́.

Pé wọ́n gbé e sí A dípò B♭, mi ò bá wọn jà sí ìyẹn. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí ní A èèyàn lè fi okùn sílẹ̀ láìtẹ̀, ìka ò sì ní fẹ̀ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Kọ́ọ̀dù (ohùn tó ń dún pọ̀) mẹ́ta náà ni, A, D àti E, báà méjìlá, báà sì ni ìdá kéékèèké tí wọ́n ń ka orin sí: A gba mẹ́rin, D gba méjì, A tún gba méjì, E á wọlé, wọ́n á padà sílé. Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n ti mọ ìdajì orin tí wọ́n ń kọ láyé ìgbà yẹn.

Ibi tí inú ti tún bí mi ni ìṣíde orin náà, èyí tí gbogbo onígìtá fẹ́ kọ́ kí wọ́n tó kọ́ nǹkan míì. (Ẹni tó ní Chuck Berry jalè, òótọ́ ni pé Carl Hogan ti ta á báyẹn nínú orin Louis Jordan kan ní 1946, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìyàtọ̀. Kí la máa wá pe àwọn onílù wa tí wọ́n ń jogún ẹnà lọ́wọ́ baba wọn? Ẹ jẹ́ ká gbé ìyẹn jù sílẹ̀.) Níbẹ̀, ẹ óò fi ìka kan tẹ okùn tín-ín-rín méjì pọ̀, ẹ óò sì fa okùn kan gòkè díẹ̀ lábẹ́ ìka kí ohùn ẹ̀ lè ròkè. Ẹ wo bí Ẹ̀gbọ́n ṣe kọ ọ́: "Tẹ okùn kẹta, lẹ́yìn náà kí o tẹ̀ ẹ́." Háà! Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ á tẹ̀ ẹ́, á tún tẹ̀ ẹ́, á máa tẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tẹ̀ tá a fi ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ àti tẹ̀ tá a fi ń tẹ igi kó lè wọ́, ohùn kan náà ni wọ́n ní, àmì ò lè gbà yín níbẹ̀. "Fa okùn" ni kẹ́ ẹ sọ. Tẹ̀ ẹ́, kó o fà á. Ohun tí ọwọ́ ń ṣe náà nìyẹn.

Àbúrò wa kan tó ń gbè sẹ́yìn Ẹ̀gbọ́n tún kọ ọ́ pé òun ti fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń "ṣeré gìtá". Àbúrò, mo bẹ̀ ọ́ lórúkọ ìyá tó bí ẹ. Ẹgbẹ́ olórin lè lọ ṣeré lóde, ìyẹn dáa, àmọ́ ọwọ́ ò kí ń ṣeré gìtá, títa là ń ta á. À ń ta gìtá, à ń ta ọfà, ayò tó jẹ́ eré pọ́nńbélé gan-an, títa là ń ta á. Àwọn tó ní "lu gìtá" kò burú, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà, pàápàá tí gbogbo okùn bá ń dún pọ̀. Ṣeré gìtá ni mi ò gbọ́ rí lẹ́nu ẹni tó mọ ohun tó ń sọ.

Kí la wá fẹ́ máa pè é? Màmá Tíṣà tó wà ní Mọ́níyà dábàá "orin amìtìtì". Ó bá gírámà mu, mi ò lè sọ pé kò bá a mu, àmọ́ mo gbọ́ "mìtìtì" báyìí, ìmìtìtì ilẹ̀ ló wá sí mi lọ́kàn, ilé wó, wọ́n ń wa èèyàn jáde. Màmá, ẹ má bínú. Mímì tí mò ń sọ yìí, mímì ìdí àti orí ni, kì í ṣe ti ilẹ̀. Ẹlòmíì ní "mì-kó-o-yí". Ìyẹn dà bí orúkọ oògùn ìbà.

Bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, máa ń lọ jó ní ilé ijó Paradise nílùú Ìbàdàn yìí nígbà tí Eddy Okonta, olórin háílàìfù, àti ẹgbẹ́ Top Aces ẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n mọ Yorùbá ju gbogbo wa tá à ń jà síbí lọ, òwe tí wọ́n ń fi bá wa wí nílé á kún àpò. Rọkẹnróò ni wọ́n ń pè é. Wọn ò tú u, wọn ò fi ṣe wàhálà, wọ́n fi ohùn Yorùbá sí i, wọ́n dáwọ́ lé jíjó. Irú àwọn èèyàn yẹn náà kọ́ ló gbé àpótí rédíò wálé, wọ́n gbọ́ pé ó ń rojọ́ ṣùgbọ́n kò kí ń dúró gba èsì, wọ́n ní asọ̀rọ̀mágbèsì? Ta ni ó sọ fún wọn? Wọ́n wo iṣẹ́ nǹkan náà, wọ́n fi iṣẹ́ ẹ̀ pè é. Ibi tí wọ́n bá ti rí iṣẹ́ tó ṣe é sọ, wọ́n á sọ ọ́, ibi tí wọn ò bá rí, wọ́n á yá ọ̀rọ̀, wọ́n á sì yá a dáadáa, gìtá náà wà níbẹ̀. Torí náà rọkẹnróò lèmi fara mọ́. Tó bá jẹ́ dandan ká tú u, mímì àti yíyí, àmọ́ àpáta kò bá wa lọ síbì kankan.

Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹni tó pe Johnny B. Goode ní "Jọ̀nì Dáadáa", mo mọ̀ pé Chuck Berry fi orúkọ yẹn ṣeré ọ̀rọ̀, àmọ́ Goode yẹn lórúkọ òpópónà tí wọ́n bí i sí ní St. Louis, Goode Avenue. Ṣé ẹ máa tú Mọ́kọ́lá náà ni?

"Okùn-ohùn" tí Ẹ̀gbọ́n fi tú chord, mi ò tíì débẹ̀ o, ẹ má rò pé mo gbàgbé. Chord yàtọ̀ sí cord, òyìnbó fi lẹ́tà kan yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ̀yin sì mú okùn tí wọ́n fi ń so ewúrẹ́ wá síbi tí ohùn mẹ́ta ti ń dún pọ̀. Níbẹ̀, "ìdì ohùn" ti Màmá Tíṣà dáa ju tiyín lọ fíìfíì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu onígìtá, kọ́ọ̀dù ló wà.

Ní ti arákùnrin tó ní kí ará Ìbàdàn kọ́kọ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe "ṣ" kó tó wá máa kọ́ ẹlòmíì ní Yorùbá: ìwọ tó o dákẹ́ fún àpáta, tó o wá rí "s" lẹ́nu wa? Ẹ̀ka-èdè wa nìyẹn, kò sí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Mi ò tíì bá ẹ parí ọ̀rọ̀ yìí, o sì mọ̀ pé àríyànjiyàn bóyá "bá ẹ" ló tọ́ àbí "bá ọ", èyí tó o dá sílẹ̀ lóṣù tó kọjá, náà ṣì wà nílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, mo ń retí ohùn gìtá yín. Ní B♭ o, kì í ṣe A.