Báwo ni mo ṣe lè bá àgbàlagbà tí ó ń da kíláàsì eré ìdárayá mi rú sọ̀rọ̀?

Ìbéèrè: Olùkọ́ ní Bódìjà

Ẹ̀yin olùkọ́ eré ìdárayá àti ẹ̀yin tí ẹ máa ń lọ sí kíláàsì, mo kí yín. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ará àdúgbò wa ní Bódìjà, ní Ìbàdàn, ní aerobics, eré ìdárayá tí a ń fi orin ṣe, ní àárọ̀ Sátidé, láti aago méje sí aago mẹ́jọ. Ó tó ènìyàn 40 tí ó máa ń péjọ sí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ àdúgbò, obìnrin ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn.

Màmá kan wà láàárín wa tí wọ́n ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n. Wọ́n sábà máa ń dé lẹ́yìn tí a bá ti mú ara gbóná tán, wọn a sì la àárín àwọn ènìyàn kọjá lọ sí ìlà iwájú. Bí orin bá ti ń lọ, wọn a máa bá àwọn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn sọ̀rọ̀, wọn a máa tún ẹsẹ̀ ẹlòmíràn tò, wọn a sì máa sọ fún wọn pé ìlósòó tí mo ń kọ́ wọn yóò ba orúnkún wọn jẹ́. Èyí tí ó dẹ́rù bà mí jù ṣẹlẹ̀ ní Sátidé tí ó kọjá: fóònù wọn dún nígbà tí gbogbo ìlà ń sáré lọ síwájú, wọ́n dúró lójijì láti gbé e, ọmọbìnrin tí ó wà lẹ́yìn wọn sì kọlù wọ́n, ó ṣubú, ó fi ọrùn ọwọ́ gúnlẹ̀. Ọpẹ́ ni pé egungun kò ṣẹ́.

Ẹni ọdún 31 ni mí. Màmá yìí dàgbà ju ìyá tí ó bí mi lọ. Bí mo bá dákẹ́, ẹlòmíràn lè farapa. Bí mo bá sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo ènìyàn, n óò dàbí ọmọ tí a kò kọ́ nílé. Obìnrin méjì ti sọ fún mi pé àwọn kò ní wá mọ́. Ṣé kí n dá owó oṣù yìí padà fún màmá, kí n sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró sílé, àbí ọ̀nà mìíràn wà?

Ìdáhùn: Ìyá Olùkọ́, Sùúrùlérè

Ọmọ mi, mo kí ọ kú iṣẹ́. Má tíì dá owó padà. Láti ọdún 17 tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn bá àgbàlagbà wí lójú agbo, àbámọ̀ rẹ̀ sì wà lọ́kàn mi títí di òní. Bàbá náà kò fèsì. Wọ́n ká aṣọ ìnura wọn, wọ́n jáde, nígbà tí ó sì di Sátidé kejì, àwọn mẹ́sàn-án ni kò wá mọ́, nítorí pé bàbá yẹn ni ó mú wọn wá. Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni ó yẹ kí n ti sọ ọ́.

Lọ bá màmá náà nílé ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ kíláàsì. Kúnlẹ̀ kí wọn, béèrè àlàáfíà ilé, kí o tó wá sọ pé ọ̀rọ̀ kan ń jẹ ọ́ lọ́kàn. Ìṣẹ̀lẹ̀ ni kí o sọ, má sọ ìwà. Bí o bá ní, “Màmá, ẹ máa ń da kíláàsì rú,” ẹjọ́ ni o pè wọ́n sí, wọn yóò sì rò ó. Ṣùgbọ́n bí o bá ní, “Màmá, nígbà tí ẹ dúró gbé fóònù lọ́jọ́ sí, ọmọ tí ó wà lẹ́yìn yín ṣubú, ẹ̀rù sì bà mí pé ẹ̀yin náà ì bá bá a ṣubú,” ohun tí ẹ̀yin méjèèjì fojú rí ni, kò sí ẹni tí yóò sẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà, bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn iwájú, kí o sì dákẹ́ gbọ́.

Apá tí ó kù wà lọ́wọ́ ìwọ fúnra rẹ. Orin tí a fi ń ṣe aerobics máa ń lọ ní ìlù mẹ́jọ mẹ́jọ, mẹ́rin rẹ̀ sì ni ó ń pé 32. Bí o bá dúró títí 32 yóò fi pé kí o tó pe ìṣísẹ̀ tuntun, ó ti pẹ́ jù, àwọn tí ó wà lẹ́yìn yóò sì máa wo ẹni tí ó wà níwájú wọn dípò rẹ. Pè é nígbà tí ó bá ku ìlù mẹ́rin, kí o sì fi ọwọ́ júwe ibi tí ẹ ń lọ. Mo ti ṣàkíyèsí pé inú àlàfo tí olùkọ́ bá fi sílẹ̀ láàárín ìṣísẹ̀ kan sí èkejì ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Má sì dúró sójú kan: bí o bá rìn wọ inú agbo, tí o dúró nítòsí ẹni tí ń sọ̀rọ̀, tí o ń ṣe ìṣísẹ̀ rẹ lọ láì wí nǹkan kan, ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń tán lẹ́nu rẹ̀. Bí kíláàsì bá dé ìdajì, ní kí gbogbo ènìyàn kọjú sí ògiri ẹ̀yìn, kí o sì bọ́ sí ọ̀hún. Ìlà ẹ̀yìn yóò di ìlà iwájú láì jẹ́ pé o lé ẹnikẹ́ni kúrò ní àyè rẹ̀.

Ìdáhùn: Olùtọ́jú iṣan àti egungun

Mo fara mọ́ ohun tí ìyá wa sọ, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ka ọ̀rọ̀ orúnkún yẹn sí àríwísí lásán. Ẹni tí ó ń kìlọ̀ nípa orúnkún ẹlòmíràn lè jẹ́ ẹni tí orúnkún tirẹ̀ ń dùn. Ẹ gbé àga díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn, kí ẹni tí kò bá lè lósòó jókòó, kí ó sì dìde, ní ìwọ̀n ìlù kan náà.

Ọ̀rọ̀ sísọ pàápàá jẹ́ òṣùwọ̀n fún wa. Bí eré ìdárayá bá wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, ènìyàn lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kò ní lè kọrin. Bí ó bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbólóhùn kúkúrú ni yóò sọ kí ó tó tún mí. Màmá tí ó lè rojọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin rẹ̀ kò tíì ṣiṣẹ́ tó. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti oògùn tí wọ́n ń lò, kí ẹ tó fi kún iṣẹ́ wọn, nítorí pé àwọn oògùn kan máa ń dín bí ọkàn ṣe ń sáré kù.

Ní ti fóònù, ewu rẹ̀ ju ti ìkọlù lọ. Nígbà tí a bá ń sáré, iṣan ẹsẹ̀ máa ń ran ọkàn lọ́wọ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè. Bí a bá dúró gbagidi, ẹ̀jẹ̀ a rọ̀ sí ẹsẹ̀, òòyì sì lè kọ́ni. Ẹni tí ó bá gbọ́dọ̀ gbé fóònù, kí ó máa rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ má sì lé màmá: Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìmọ̀ràn tí wọ́n gbé jáde ní 2020, ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá oníwọ̀ntúnwọ̀nsì fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, 60 sì ni kíláàsì yín ń fún wọn nínú rẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹni tí ó ti fi kíláàsì sílẹ̀ rí

Èmi kì í ṣe olùkọ́. Mo fi kíláàsì kan sílẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an, mo sì rí i pé gbogbo ìmọ̀ràn tí ẹ ti gbà ni ó dá lé iyì ẹnì kan. Àwọn 39 tí ó kù ńkọ́? Owó tí wọ́n san kò kéré sí ti màmá. Ẹ lọ bá màmá nílé, ó dára, ṣùgbọ́n kí orin tó bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé, ẹ sọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn, kì í ṣe fún ẹnì kan, pé fóònù kò gbọdọ̀ wọ inú ìlà, pé ẹni tí ó bá pẹ́ yóò dúró lẹ́yìn, àti pé olùkọ́ nìkan ni ó ń tún ẹsẹ̀ ẹni tò. Ohun tí ó lé mi lọ kì í ṣe àgbàlagbà tí ń sọ̀rọ̀. Olùkọ́ tí ó rí i tí ó gbójú kúrò ni. Ẹ sì dá mi lóhùn: ṣé ẹ ti lọ kí ọmọ tí ó ṣubú?

Olùkọ́ ní Bódìjà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìbéèrè tí ó kẹ́yìn yẹn gún mi lọ́kàn, nítorí pé n kò tíì lọ. Ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin náà ni mo kọ́kọ́ yà sí ní Ọjọ́bọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń fúyẹ́.

Ibẹ̀ ni mo gbà dé ọ̀dọ̀ màmá. Wọ́n ní etí òsì àwọn kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, pé bí àwọn bá wà lẹ́yìn, orin nìkan ni àwọn ń gbọ́. Fún odidi ọdún mẹ́ta, n kò béèrè. A ti fẹnu kò pé ìparí ìlà iwájú ní apá òsì wọn ni wọn yóò máa dúró sí, kí etí ọ̀tún wọn lè wà ní apá ọ̀dọ̀ mi, ibẹ̀ sì súnmọ́ ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ fóònù kò rọrùn: àwọn ọmọ wọn wà lókè òkun, àárọ̀ Sátidé ni wọ́n sì máa ń pè. Wọ́n gbà láti máa rìn jáde lọ dáhùn. Ní ti títún ẹsẹ̀ ẹlòmíràn tò, wọn kò gbà rárá pé àwọn ń ṣe bẹ́ẹ̀, n kò sì takú.

N óò gbé àga mẹ́rin lọ sí gbọ̀ngàn ní Sátidé yìí, n óò sì sọ òfin náà fún gbogbo wa kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin méjì tí wọ́n fẹ́ lọ ní òun yóò wá wò ó. Èkejì kò tíì gbé fóònù mi.