Ẹnu àwọn àgbà Ọsirélíà: ẹ wá sọ èyí tó ti bá yín

Ìyá Ìbejì, Geelong:
Ilé ìtọ́jú arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà àkànlò Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ àwọn àgbà ibí ni mò ń gbọ́ látàárọ̀ dalẹ́. Àwọn ọmọ wọn gan-an kì í sọ ọ́ mọ́. Bàbá kan wà lọ́dọ̀ wa, iṣẹ́ fífá irun àgùntàn ni wọ́n ṣe nígbà tí ara ṣì le. Mo bi wọ́n bóyá ọmọ wọn á wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Wọ́n ní, "Buckley's." Mo dúró kí wọ́n parí ọ̀rọ̀, wọ́n ti kọjú sí tẹlifíṣọ̀n.

Nọ́ọ̀sì àgbà ló tú u fún mi: kò lè ṣẹlẹ̀ láé ni. Ó ní William Buckley ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, ẹlẹ́wọ̀n ará England tó sá kúrò ní àgọ́ Sullivan Bay lọ́dún 1803. Wọ́n rò pé igbó ti gbé e mì. Àwọn Wathaurong, tí wọ́n ni ilẹ̀ agbègbè wa níbí, ló gbà á sọ́dọ̀, ọdún 32 ló lò kó tó yọjú lọ́dún 1835. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni, pé ṣọ́ọ̀bù Buckley & Nunn ní Melbourne ni wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀, torí Nunn dún bí "none", ìyẹn òfo, lédè wọn. Ti ẹlẹ́wọ̀n ni mo fara mọ́. Àmọ́ ẹni tó yè ni wọ́n wá ń fi pe ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀, ẹ ò rí i bí!

Alápatà, Brisbane:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́. Ẹnà ni tèmi. Ìyá arúgbó kan ra páì ẹran, wọ́n ní kí n fi "dead horse" sí i. Ọbẹ̀ tòmátì inú ìgò ni wọ́n ń bèèrè! "Horse" bá "sauce", ìyẹn ọbẹ̀, mu létí, ó parí. Wọ́n tún ń pe iṣẹ́ àṣelàágùn ní "hard yakka"; èdè àwọn Yagara, onílẹ̀ Brisbane, ni "yakka" ti wá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Mildura:
Ọ̀gá wa ní oko àjàrà ní òun "flat out like a lizard drinking". Iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn ni. Alángbá á nà gbalaja bó bá ń mumi, ahọ́n rẹ̀ ò ní sinmi. Èyí ò ṣòro fún ọmọ Yorùbá rárá.

Ìyá Ìbejì:
Bàbá wa náà ń sọ ìyẹn! Wọ́n ní ìrẹsì jọ̀lọ̀ọ́fù mi "bonzer", pé ó dára gan-an, wọ́n ní kí n bù sí i.