Okùn kẹfà gìtá Sho-Bud kì í sọ̀ kalẹ̀ tán: ṣé kí n yọ axle changer?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀.

Gìtá pedal steel ti Sho-Bud ni, irú gìtá tí a ń fi pẹ́dàlì yí ohùn okùn rẹ̀ padà; olókùn mẹ́wàá ni, E9 sì ni orúkọ bí a ṣe to ohùn àwọn okùn náà. Kò sí ìwé kankan pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n àmì káàdì tí a fi ń ṣeré wà lójú fretboard (pátákó abẹ́ okùn), rack and barrel (irú ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń so pẹ́dàlì mọ́ okùn) ló sì wà lábẹ́ rẹ̀, torí náà mo gbà pé ìparí àwọn ọdún 1960 tàbí ìbẹ̀rẹ̀ 1970 ni.

Bí mo bá tẹ pẹ́dàlì B, okùn kẹfà ń gòkè láti G♯ sí A dáadáa. Tí mo bá gbé ẹsẹ̀, kì í sọ̀ kalẹ̀ tán, ó ń ga jù ní bíi cent 6 (ọgọ́rùn-ún cent ló wà láàárín G♯ sí A). Ká ní ṣe ló ń rẹlẹ̀ ni, róólà nut (kẹ̀kẹ́ kékeré tí okùn ń gbà kọjá lórí gìtá) tó ń di okùn mú ni ǹ bá fura sí. Gíga yìí ló jẹ́ kí n dojú kọ changer, ẹ̀yà tó ń fa okùn tàbí tó ń dẹ̀ ẹ́ bí a bá tẹ pẹ́dàlì.

Mo ti tú náílọ́ọ̀nù tuner rẹ̀ (nọ́ọ̀tì kékeré tí a fi ń tún ohùn pẹ́dàlì ṣe) títí ọ̀pá tó ń fa changer fi ní àyè díẹ̀. Mo ti fi okùn .020 tuntun sí i. Mo fi epo láítà fọ changer, ọ̀rá dúdú àtijọ́ jáde, mo wá kán òróró fẹ́lẹ́ sí i. Ó sàn, àmọ́ kò tán. Mi ò fọwọ́ kan sípíríǹgì: bó bá ti rọ̀, ohùn A gan-an ni kò ní dé ibi tó yẹ.

Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé irin àtijọ́ inú rẹ̀ tètè ń ṣẹ́.

Ṣé kí n yọ axle (ọ̀pá tí changer ń yí lé) kí n nù ún kó dán, àbí kí n kúkú fi tuntun rọ́pò rẹ̀?

Ẹ ṣeun púpọ̀ ṣáájú.