Ẹ̀yin tí ẹ tọ́jú ẹni nílé nígbà tí ẹ ṣì kéré, ẹ wá sọ ti yín

Ọmọ Òkè-Àdó

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún 15 ni mí, SS2 ni mo wà, nígbà tí rọpárọsẹ̀ kọlu màmá mi ní ìsọ̀ wọn ní Dùgbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Wọ́n ti pa oògùn tì, wọ́n ní ara àwọn ti yá. Ọwọ́ òsì àti ẹsẹ̀ òsì kò ṣiṣẹ́ mọ́. Bàbá mi ń wa ọkọ̀ lọ sí Kánò, wọn kì í lò ju ọjọ́ méjì lọ nílé. Àbúrò méjì ló wà lẹ́yìn mi. Ẹ ti mọ ẹni tó kàn.

Nọ́ọ̀sì ní ká máa yí wọn padà ní wákàtí méjì-méjì kí egbò má baà dá sí wọn ní ìdí. Ó sọ ọ́ fún àǹtí mi, àǹtí mi sọ ọ́ fún mi, wọ́n sì padà sí Abẹ́òkúta. Mo ṣe àláàmù sórí fóònù: aago méjìlá, aago méjì, aago mẹ́rin. Apá mi kò ká wọn, nítorí náà mo tẹ́ ìró àtijọ́ sábẹ́ wọn. Etí ìró yẹn ni màá máa fà díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n á fi yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, màá wá ki ìrọ̀rí sí wọn lẹ́yìn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, màá po ògì, màá fi ṣíbí bù ú sí wọn lẹ́nu láti apá ọ̀tún kó má baà ṣàn jáde.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wẹ̀ fún wọn, wọ́n kọjú sí ògiri, wọn ò sọ̀rọ̀ títí mo fi parí. A ò tíì mẹ́nu kan ọjọ́ yẹn títí di òní.

Gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ń wúre fún mi. "Ìwọ náà á bí ọmọ tó máa tọ́jú ẹ." Mò ń ṣe àmín, oorun ń kùn mí. Wọ́n á gbé ọsàn sílẹ̀, wọ́n á jókòó, èmi náà ni màá tún fọ ife tí wọ́n fi mu omi. Nílé ìwé, orúkọ mi kì í kúrò nínú ìwé àwọn tó ń pẹ́ dé. Mo gé koríko títí ọwọ́ mi fi bó. Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ló dé.

Ìyá alákàrà àdúgbò wa ni kò wúre. Wọ́n tà tán lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n wọlé tòórùn-tòórùn epo, wọ́n ní, "Ìwọ, lọ sùn. Bí mo bá rí ẹ níta kí aago méjì tó lù, màá nà ẹ́." Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo Sátidé ni. Mo kọ WAEC lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Lójú tèmi, oorun Sátidé yẹn ló gbé mi débẹ̀ ju àdúrà gbogbo ẹbí lọ. (Ẹ má bínú o, ẹ̀yin àǹtí.)

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ má wulẹ̀ pè mí ní ọmọ dáadáa. Kí lẹnì kan ṣe fún yín tó mú u fúyẹ́?

Ará Peckham

London ni tèmi ti ṣẹlẹ̀. Mo jẹ́ ọmọ ọdún 12 nígbà tí kíndìnrín màmá mi daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀, bíi wákàtí mẹ́rin lórí ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá dé, wọn ò lè gbé ìkòkò. Iṣẹ́ ilé kọ́ ló dùn mí. Ògbufọ̀ ni mò ń ṣe, torí Gẹ̀ẹ́sì wọn kò lọ títí. Lọ́jọ́ kan, dókítà ní bí wọn ò bá rí kíndìnrín ẹlòmíì gbà, orí ẹ̀rọ yìí ni wọ́n máa wà. Mo yíjú sí màmá mi, mo ní, "Wọ́n ní kí ẹ máa mu omi níwọ̀n." Ó tó ọdún méjì kí wọ́n tó mọ ohun tí dókítà sọ. Ọ̀fẹ́ ni NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, ń wá ògbufọ̀ fún aláìsàn, a ò mọ̀ rárá.

Mo sùn lọ nínú kíláàsì, olùkọ́ kan bá pè mí sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo purọ́ fún un. Màmá mi ti kìlọ̀ pé bí wọ́n bá gbọ́, àwọn social, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọmọdé, á wá kó wa lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí mọ ẹ̀rù yẹn. Màmá mi ò mọ̀ pé òfin kan ti wà láti 2014, Children and Families Act, tó ní kí káńsù wádìí ohun tí ọmọ tó ń tọ́jú ẹni nílé fúnra rẹ̀ nílò, bí òun tàbí òbí rẹ̀ bá béèrè, tàbí bí àwọn fúnra wọn bá fura. Obìnrin tí káńsù rán wá bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà kí a tó sọ fún un. Ọkàn màmá mi rọ̀ díẹ̀. Kò kó ẹnikẹ́ni lọ. Wọ́n wá ẹni tó ń bá wọn múra láàárọ̀. Ilé ìwé fún mi ní káàdì pélébé kan: bí mo bá ti nà án sókè, mo lè jáde lọ pe ilé, láìsí ìbéèrè. Káàdì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Owó ni ẹ má tíì dúró dè. Carer's Allowance, owó ìjọba fún ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn, ó di ẹni ọdún 16, ẹni tó bá sì ń kàwé fún wákàtí 21 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ kò ní rí i gbà. Scotland ló dá Young Carer Grant sílẹ̀ ní 2019 fún àwọn ọ̀dọ́ tiwọn.

Ẹ̀gbọ́n Òṣogbo

Àbúrò mi ni, kì í ṣe òbí. Ẹ̀jẹ̀ SS ló ní. Àwọn àgbà ń pè é ní fòníkú-fọ̀ladìde lójú ara rẹ̀, mo kórìíra orúkọ yẹn. Bí ìrora bá dé lóru, èmi ni mò ń fi aṣọ tí mo rì sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ lé e lẹ́sẹ̀, ó ní ọwọ́ màmá wúwo. Ìdájí ọjọ́ tí mo fẹ́ kọ JAMB ni wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Mo tẹ̀ lé wọn. Ọdún kan bá a lọ. Kò sẹ́ni tó ní kí n tẹ̀ lé wọn, n ò sì rí ẹni tí màá bínú sí. Gbogbo ayé ń bi mí pé, "Àbúrò ẹ ńkọ́?"

Tíṣà Iléṣà

Mo ka ti Ọmọ Òkè-Àdó tán lánàá, mo lọ ṣí ìwé àwọn tó ń pẹ́ dé ní kíláàsì mi. Orúkọ mẹ́ta kan ń padà wá ṣáá. Mo pe ọ̀kan nínú wọn lónìí. Màmá àgbà tí ojú wọn ti fọ́ ló ń tọ́jú, òun ló ń mú wọn lọ sí ṣáláńgá kó tó wọ yúnífọ́ọ̀mù. Mo ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò níbi gígé koríko. N ò tíì mọ ohun tí màá ṣe tẹ̀ lé e.

Ọmọ Òkè-Àdó

Tíṣà, ẹ ṣeun gan-an. Màmá mi ń fi ọ̀pá rìn báyìí. Wọ́n ní kí n ka gbogbo ẹ̀ sí àwọn létí, mo sì kà á. Nígbà tí mo dé ibi ògiri yẹn, mo fò ó. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé ògì tí mò ń po nígbà yẹn, kókó ló kún inú ẹ̀, àwọn kàn ń gbé e mì ni.