Èsì lórí “ìṣirò aláró”: àáró kọ́, ọ̀wẹ̀ ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò. Ẹ̀gbọ́n wa kan kọ ọ́ síbí lánàá pé “ìṣirò aláró” ni ká máa pe iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ core (ẹ̀yà tó ń ṣe ìṣirò) inú kọ̀ǹpútà jọ ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn ọmọ wa tó ń fi SHELXL, ètò kọ̀ǹpútà kan, wá bí átọ́ọ̀mù ṣe tò sínú kírísítàlì (ohun líle tí átọ́ọ̀mù rẹ̀ tò létòlétò) lè rí orúkọ pè é. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. N kò fara mọ́ ọn.

Oní pẹ̀lú àáró, aláàáró ló ń bí. Ẹ̀gbọ́n ní àró ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ tiwọn. Ó dáa, aláró ni yóò jẹ́ nígbà náà, ibi tó sì burú sí gan-an nìyẹn: òun àti ìyá tó ń rẹ aṣọ sínú aró di ọ̀kan ṣoṣo, kò sí àmì ohùn tó lè yà wọ́n.

Ká tilẹ̀ fi ohùn sílẹ̀. Gbèsè ni àáró. Lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ; ẹni tí kò bá san án padà, a ó bi í. Oko wo ni core ní tí wọ́n fẹ́ bá a ro lọ́la? Ẹnì kan ló ni iṣẹ́, ó pe ọ̀pọ̀ èèyàn, oníkálukú mú poro tirẹ̀, ilẹ̀ sì mọ́ lọ́jọ́ kan. Ọ̀wẹ̀ lèyí. Bàbá mi àgbà kì í pè é ní nǹkan mìíràn.

Ẹ wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Àmì tí X-ray ń fi sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá gba inú kírísítàlì kọjá máa ń tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Bí a bá ń ṣírò ohun tó yẹ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́, èyí kò dúró de ìyẹn, ìdí nìyẹn tó fi ṣe é pín. George Sheldrick, ẹni tó kọ SHELXL, gbé SHELX-76 tó ṣáájú rẹ̀ jáde ní 1976; Kay Diederichs ní Jámánì fi OpenMP, ìlànà tí a fi ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe pín iṣẹ́ fún àwọn core, pín iṣẹ́ SHELXL ní 2000; nígbà tí SHELXL-2013 dé, pípín náà ti di ti gbogbo ayé. Àmọ́ inú tábìlì ńlá kan ṣoṣo ni èsì gbogbo wọn ń bọ́ sí. Bí core méjì bá kọ nǹkan sí ojú kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, ó bàjẹ́. Kí kálukú kọ tirẹ̀ sọ́tọ̀, ká wá rò wọ́n pọ̀.

Ìdí nìyí tí n kò fi lè gba “ìṣirò àgbájọ” tí ọ̀rẹ́ wa tó ń kọ̀wé láti Ìlú Ọba dá lábàá, tó fi òwe àgbájọ ọwọ́ tì í lẹ́yìn. Kò sí pípín níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ pípín ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Gene Amdahl, ẹni tó ń ṣe kọ̀ǹpútà, ti sọ ọ́ láti 1967 pé apá tí kò ṣe é pín ló ń dáni dúró. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá iṣẹ́ bá jẹ́ èyí tí core kan gbọ́dọ̀ dá ṣe, core 16 kò ní jẹ́ kó yá ju ìlọ́po 6.4 lọ. Ẹ pe ẹgbẹ̀rún core, ìlọ́po náà kò ní pé 10.

“Ìṣirò ọlọ́wẹ̀” ni mo fi síwájú yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sí i, kí ẹnikẹ́ni má kà á sí olówe. Ẹni tó sì bi mí pé níbo ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ èdè, ṣé ìwé ẹ̀rí la fi ń lọ sí ọ̀wẹ̀ ni?

Ti “ìmọ̀ òkúta dídán” tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò kírísítàlì, ó tún sú mi. Iyọ̀ ńkọ́? Ṣúgà ńkọ́? Ínsúlíìnì tí Dorothy Hodgkin, onímọ̀ kírísítàlì ará Ìlú Ọba, fi X-ray tú àṣírí bí átọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣe tò ní 1969, ṣé òkúta ni? Ẹ̀gbọ́n, ẹ dá mi lóhùn lórí èyí ná, ká tó padà sórí fáwẹ̀lì yín.